Òjò Dídì Lójú Ọ̀nà Durban

Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ni òjò dídì bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ sórí N3, títì ńlá tó ti Johannesburg lọ sí Durban. Lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìgbà òtútù ti kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà náà. Ní Gúúsù Áfíríkà, tí oṣù kẹsàn-án bá ti wọlé, ìgbà ìrúwé dé nìyẹn. Àwọn ìyálé ilé ti ń fọ kúbùsù kí wọ́n tó kó o pamọ́, hítà ti ń padà sí abẹ́ ibùsùn. Ọjọ́ ìsinmi Heritage Day ń bọ̀ ní 24 oṣù náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló bọ́ sí, ẹni tó bá sì lè tọrọ ọjọ́ Ajé lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ti rí ọjọ́ mẹ́rin gbáko tó lè fi gbafẹ́ létí òkun. Bẹ́ẹ̀ làwọn kan ṣe di ẹrù sí búùtù, tí wọ́n kó àwọn ọmọ sẹ́yìn mọ́tò, tí wọ́n sì forí lé ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi wẹ̀ lókun.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́, ọ̀nà ti dí pa láàárín Warden ní Free State àti orí òkè Van Reenen, níbi tí títì ti ń gun Drakensberg kó tó sọ̀ kalẹ̀ sí KwaZulu-Natal. Tírélà yọ̀, ó dábùú títì. Òmíràn tẹ̀ lé e, òun náà kò lè gùn ún. Àwọn mọ́tò kéékèèké há sí àárín wọn, òjò dídì sì ń ga sí i ní ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ìròyìn sọ pé ó ga tó mítà méjì láwọn ibì kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sun inú mọ́tò mọ́jú, àwọn mìíràn lò ju wákàtí 24 lọ níbẹ̀. Ó kéré tán, obìnrin kan kú. Òjò dídì há a mọ́, wọ́n sì sọ pé òtútù ló pa á.

Àwa tí a ń gbé Turffontein, Rosettenville, Kenilworth àti La Rochelle, lápá gúúsù Johannesburg, mọ ọ̀nà yẹn bí ẹni mọ owó. Ẹlòmíì ń kó ọjà gba ibẹ̀, ẹlòmíì ń lọ sí ìsọjí, ẹlòmíì ń lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bímọ sọ́hùn-ún. Téèyàn bá jí jáde ní àdúgbò wa, tí kò sì pàdé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kò ní pẹ́ tí yóò fi bọ́ sórí N3. Gbogbo ìrìn náà kò tó 600 kìlómítà, títì sì dán débi pé oorun lè kun awakọ̀ lórí síárín. A ti ń ṣe ìrìn náà bí ẹni ń ti Ìbàdàn lọ sí Èkó, téèyàn máa ń sáré lọ, tí yóò sáré bọ̀, tí kò ní bi ẹnikẹ́ni bí ojú ọjọ́ ṣe rí níwájú. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Láàárín Turffontein àti òkun, òkè kan wà tí kò mọ̀ pé a ní ètò.

Kì í ṣe pé wọn ò kìlọ̀ o. South African Weather Service, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́, ti kéde ṣáájú pé òtútù líle ń bọ̀, pé òjò dídì yóò pọ̀ lórí Drakensberg àti àyíká rẹ̀, pé ó lè dí ọ̀nà. Ó wà lórí rédíò, ó wà lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ wa kọ etí ikún sí irú ìkéde bẹ́ẹ̀, mi ò sì rò pé agídí nìkan ló ń fà á. Ojú ọ̀run tí ènìyàn ń wò láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló gbà gbọ́. Tí oòrùn bá ń ràn lórí pápá ẹṣin Turffontein, ta ni yóò gbà pé ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta sí iwájú, níbi tí òun fẹ́ lọ jẹun ọ̀sán, ẹnìkan kò ní rí ìlà àárín títì mọ́?

Ó yẹ ká mọ bí òjò dídì ṣe ń wá sí ilẹ̀ yìí, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní fi oṣù kẹsàn-án ṣe àbò. Johannesburg ga ju òkun lọ ní mítà 1,700 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, òtútù oṣù kẹfà àti oṣù keje máa ń múni dé eegun. Àmọ́ ìgbà òtútù ibẹ̀ gbẹ. Ìgbà ooru, láti bí oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta, ni òjò ń rọ̀ níbẹ̀. Tí òtútù bá dé, omi ti tán lójú ọ̀run. Ìdí nìyẹn téèyàn fi lè jí láàárọ̀ kó rí i pé koríko etí Wemmer Pan ti funfun fún ìrì tó dì, síbẹ̀ kí ojú ọ̀run mọ́ roro, kí òjò dídì kankan má sì sí. Òtútù gbọ́dọ̀ pàdé omi lọ́jọ́ kan náà kí òjò dídì tó lè wà, àwọn méjèèjì kì í sì í sábà pàdé ní Johannesburg.

Ìjì kan wà tó máa ń mú wọn pàdé. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ń pè é ní cut-off low. Afẹ́fẹ́ tútù ńlá tó ń fẹ́ yípo lápá ìsàlẹ̀ ayé, níhà yìnyín Antarctica, ni apá kan rẹ̀ já kúrò, tó gòkè wá, tó wá dúró sókè orí ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà láìrí ẹni tì í. Bó ṣe dúró síbẹ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ olómi wọlé láti Òkun Íńdíà. Afẹ́fẹ́ olómi yìí kọ lu Drakensberg, kò rí ibi gbà ju kó gùn ún lọ. Bó ṣe ń gùn ún ló ń tutù sí i, omi inú rẹ̀ sì di òjò dídì. Dídúró lójú kan yẹn ló burú nínú ọ̀rọ̀ ìjì yìí. Òjò tó bá ń kọjá lọ yóò rọ̀ dá. Èyí tí ìjì rẹ̀ dúró yóò rọ̀ mọ́jú, yóò tún rọ̀ di alẹ́. Ìgbà ìrúwé àti ìgbà ìwọ́wé sì ni ìjì yìí máa ń wọ́pọ̀ jù. Ìyẹn ni pé oṣù tí a ń kó kúbùsù pamọ́ gan-an ni oṣù tó fẹ́ràn láti wá.

Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Johannesburg yóò rántí pé kì í ṣe ọdún 2024 ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 1981 ni òjò dídì bo ìlú náà, oṣù kẹsàn-án kan náà. Ó tún dé ní 27 oṣù kẹfà ọdún 2007. Ní 7 oṣù kẹjọ ọdún 2012, ó rọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, àní Pretoria tó gbóná jù wá lọ rí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di Ọjọ́ Ajé 10 oṣù keje ọdún 2023 kí ó tó tún já bọ́ ní Johannesburg, tí àwọn ọmọdé sáré jáde, tí àwọn òbí wọn náà na ọwọ́ síta kí wọ́n lè mọ bó ṣe rí. Ayọ̀ ni ọjọ́ yẹn, mi ò ní ba ayọ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́. Kò ga, ó sì yọ́ kíákíá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé òun ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí òjò dídì: nǹkan tó dé láàárọ̀, tí a yà ní fọ́tò, tó sì lọ.

Àwọn àwòrán ibi ìgbafẹ́ orí òkè tún dá kún un. Ní Eastern Cape, lẹ́bàá abúlé Rhodes, lórí ẹ̀gbẹ́ òkè Ben Macdhui, wọ́n kọ́ ibì kan tí wọ́n ń pè ní Tiffindell fún àwọn tó fẹ́ fi pátákó yọ̀ lórí òjò dídì. Ibẹ̀ ga ju mítà 2,700 lọ. Ní Lesotho, nínú òkè Maluti, Afriski wà níbi tó ga ju mítà 3,000 lọ, àwọn ará Johannesburg sì lè wakọ̀ débẹ̀ láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo kí wọ́n tún jẹun alẹ́ níbẹ̀. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n gbé àwòrán ara wọn níbẹ̀ síta, jákẹ́ẹ̀tì pupa, ìgò dúdú lójú, eyín funfun. Ó dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí àwòrán náà kò fi hàn.

Òjò dídì tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀rọ ló ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Èyí tó ń já bọ́ láti ọ̀run kò tó. Lóru, tí òtútù bá ti lọ sísàlẹ̀ òdo, wọ́n á tan àwọn ẹ̀rọ kan tó ń fẹ́ omi sókè ní wínníwínní. Omi náà yóò ti dì kó tó balẹ̀. Wọ́n á wá fi ọkọ̀ ńlá tẹ́ ẹ, wọ́n á fọ́ èyí tó gan, wọ́n á sì dá gbogbo rẹ̀ tẹ́jú. Nígbà tó bá di àárọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń le bí gíláàsì nítorí pé ó tún dì mọ́jú, ẹni tó bá ṣubú sórí rẹ̀ yóò mọ̀ pé òun ṣubú. Tí oòrùn bá gòkè, tó sì jẹ́ pé oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà ni, ó máa rọ̀. Tó bá di ọ̀sán, ó ti ń di ẹrẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ èyí wà níbẹ̀, wọ́n á sọ fún ọ pé apá ibí ti dára, apá ọ̀hún kò tíì ṣeé gùn. Bàtà wà tí wọ́n ń yá ènìyàn, iná wà nínú ilé, oúnjẹ gbígbóná wà, ẹni tó lè gbé aláìsàn wà. Gbogbo ohun tó ń mú kí òjò dídì dùn lórí òkè yẹn, ènìyàn ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Lójú ọ̀nà N3 lóru ọjọ́ yẹn, kò sí ọ̀kankan nínú wọn. Kódà ọ̀nà tó lọ sí Afriski fúnra rẹ̀ gba orí òkè Moteng àti Mahlasela kọjá, Mahlasela sì ga ju mítà 3,200 lọ. Ẹni tó bá ń wo òpin ìrìn àjò nìkan lè gbàgbé pé ọ̀nà wà níbẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wọ inú mọ́tò tó há.

Ẹ̀rọ mọ́tò ṣì ń ṣiṣẹ́, hítà ń fẹ́, gíláàsì ti pa. Ìta ṣókùnkùn. Awakọ̀ kò fẹ́ pa ẹ̀rọ nítorí àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn. Lẹ́yìn mọ́tò, nísàlẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè rí, òjò dídì ń kó jọ sí ẹnu sàlẹ́ńsà díẹ̀díẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, èéfín gbígbóná ń yọ́ ọ, ihò kékeré kan ṣì ṣí. Afẹ́fẹ́ wá gbá òmíràn dé. Ihò dí. Èéfín kò rí ibi gbà mọ́, ó yí padà sí abẹ́ mọ́tò, ó wá ihò kékeré kan lára pákó ìsàlẹ̀, ó gba ibẹ̀ wọlé. Nínú èéfín yẹn ni gáàsì carbon monoxide wà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ́nà tó lágbára ju bí oxygen ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po 200 ó lé. Tó bá ti gba àyè oxygen nínú ẹ̀jẹ̀, orí yóò máa fọ́ni, èébì yóò máa gbéni, ara yóò rẹ̀, oorun yóò dé. Nínú mọ́tò tó móoru láàárín òtútù, ta ni yóò fura sí oorun?

Ohun tí mo ń sọ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní 23 oṣù kìíní ọdún 2016, nígbà tí òjò dídì ńlá bo apá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà, ìdílé kan wà ní ìlú Passaic ní New Jersey. Baba fẹ́ yọ mọ́tò wọn kúrò nínú òjò dídì, ó gbé ṣọ́bìrì, ó ń kó o kúrò lára mọ́tò náà. Ó ní kí ìyàwó òun àtàwọn ọmọ wọ inú rẹ̀, ó tan ẹ̀rọ kí wọ́n lè móoru. Òjò dídì ṣì bo ẹnu sàlẹ́ńsà. Baba wà níta, ó ń ṣiṣẹ́ nítorí wọn, kò jìnnà sí wọn rárá. Nígbà tó padà síbẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn tí kò ju ọmọ ọdún kan lọ ti kú. Wọ́n sáré gbé ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́ta lọ sí ọsibítù. Nígbàkúùgbà tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yìí, ṣọ́bìrì ọwọ́ baba yẹn ni mo máa ń rí. Ìfẹ́ kò sọ̀nù nínú ilé yẹn, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ọ̀lẹ. Ibi tó yẹ kí ṣọ́bìrì náà kọ́kọ́ dé ni ẹ̀yìn mọ́tò nísàlẹ̀, ó sì dà bíi pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún un.

Torí náà, ẹni tí òjò dídì bá há mọ́nú mọ́tò ní Van Reenen tàbí níbikíbi, kó jáde, kó fi ọwọ́ wa ẹnu sàlẹ́ńsà kúrò nínú rẹ̀ kó tó tan ẹ̀rọ. Kó tan án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kó pa á, kó dúró díẹ̀ kó tó tún tan án. Kó ṣí fèrèsé kan níwọ̀n ìka ọwọ́ lápá tí afẹ́fẹ́ kò ti ń fẹ́ wá. Nígbàkúùgbà tó bá tún fẹ́ tan án, kó tún jáde lọ wo ẹ̀yìn. Ó tutù, mo mọ̀. Kó jáde náà ni.

A kò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ èéfín yìí, nítorí pé ní Turffontein, ilé ló ti ń pa wá ju ojú ọ̀nà lọ. Òtútù àdúgbò wa kò tíì fi ìgbà kan jẹ́ ọ̀rọ̀ eré.  Wọ́n ti pín àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ sí yàrá yàrá. Ìdílé kan wà níwájú, ìdílé kejì wà ní ibi tó jẹ́ pálọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹnìkan wà nínú yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n kọ́ mọ́ ògiri. Nínú oṣù keje, tí wọ́n bá mú iná lọ tàbí tí owó iná bá tán nínú mítà, òtútù máa ń ti ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì gba inú bàtà wọlé. Ẹni tó bá jáde sí ìkóríta nígbà yẹn yóò rí àwọn ọlọ́dẹ tó dá iná èédú sínú agolo ńlá tí wọ́n dá ihò sí lára. Imbawula ni wọ́n ń pè é. Ó lẹ́wà, ó pupa fòò, ó sì móoru. Níta, kò sí aburú kankan lọ́rọ̀ rẹ̀.

Àmọ́ tí àkókò oorun bá tó, ẹnìkan yóò rò pé iná yìí ti jó dénú, èéfín rẹ̀ sì ti tán, kí òun gbé e wọ yàrá. Èéfín tí ojú ń rí ló tán. Èédú tó ti pupa, tí kò rú èéfín mọ́, ṣì ń tú carbon monoxide jáde púpọ̀. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á fi aṣọ dí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn nítorí afẹ́fẹ́, wọ́n á sùn. Ọdọọdún, nígbà òtútù, ni ìròyìn irú ikú báyìí máa ń jáde ní Gúúsù Áfíríkà. Àwa tí a ti Nàìjíríà wá kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé púpọ̀ fún wa, a mọ ìtàn jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ nítorí olè. Gáàsì kan náà ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé jẹnẹrétọ̀ máa ń pariwo, èédú kò ní pariwo kankan.

Ọ̀rọ̀ ọtí tún wà. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àgbàlagbà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀dọ́, pé ife kékeré kan lára ọtí líle ni oògùn òtútù. Ìmóoru tí ọtí ń fúnni wà nínú awọ ara nìkan. Ó ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí awọ, ẹ̀jẹ̀ gbígbóná inú ara á sáré wá síta, ooru rẹ̀ á sì ṣòfò sínú afẹ́fẹ́ tútù. Inú ara ń tutù nígbà tí ẹni náà ń rò pé ara òun ti ń yá. Ìwọ̀n ooru ara ènìyàn jẹ́ bíi 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tó bá bọ́ sísàlẹ̀ 35, ara á máa gbọ̀n gan-an. Tó bá tún lọ sísàlẹ̀ sí i, gbígbọ̀n náà á dáwọ́ dúró, ẹni tí kò mọ̀ á sì rò pé ara ẹni náà ti balẹ̀. Kò balẹ̀ o. Ahọ́n rẹ̀ á máa wúwo, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní já gaara, á máa kọsẹ̀ níbi tí kò sí òkúta, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń bọ́ aṣọ sílẹ̀ torí wọ́n rò pé ooru ń mú wọn. Ẹni tó bá ti dé ibẹ̀ kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́ mọ́. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ bọ́ aṣọ tútù kúrò lọ́rùn rẹ̀, kó fi kúbùsù gbígbẹ wé e, kó fara mọ́ ọn, kó sì pe ọsibítù.

Àwọn tó bọ́ nínú ewu N3 lọ́dún 2024, ènìyàn ló yọ wọ́n. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà gbé tírátọ̀ jáde, wọ́n ń wọ́ mọ́tò kúrò nínú òjò dídì. Ẹgbẹ́ Gift of the Givers gbé oúnjẹ àti ìrànlọ́wọ́ lọ. Wọ́n lo gíréèdà láti ha títì, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi ṣe ọ̀nà ní ọjọ́ mìíràn, nítorí orílẹ̀-èdè yìí kì í ṣe èyí tó ní ọkọ̀ tó ń ha òjò dídì ní gbogbo ìkóríta. Bí àwọn tírélà kò bá ti dábùú ọ̀nà ni, ìrànlọ́wọ́ ì bá tètè dé. Àwọn tó bá dúró nínú mọ́tò wọn ni wọ́n máa ń tètè rí. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀, tó ní òun yóò fẹsẹ̀ rìn dé ilé epo, òun ló ṣòro láti wá rí nínú fífunfun tí kò ní òpin.

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ohun tí mo máa ń rọ àwọn bọ̀dá àtàwọn àǹtí wa pé kí wọ́n fi sínú búùtù láti oṣù karùn-ún títí di ìparí oṣù kẹwàá kò wọ́n: kúbùsù méjì, ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ, omi, bisikíìtì, tọ́ọ̀ṣì, wáyà tí wọ́n fi ń ṣájì fóònù nínú mọ́tò, àti ṣọ́bìrì kékeré kan tí wọ́n ń tà ní ọjà irinṣẹ́. Kí epo má sì lọ sísàlẹ̀ ìdajì táǹkì kí wọ́n tó kọjá ìlú Harrismith. Kí ẹni tó ń lọ sọ fún ẹni tó wà nílé ìgbà tó gbéra àti ìgbà tó yẹ kó dé. Tí wọ́n bá sì ti ọ̀nà ní Warden, kí awakọ̀ má wá ọ̀nà ẹ̀yìn gba àárín oko kọjá, nítorí ọ̀nà oko yẹn gan-an ni tírátọ̀ kò ní tètè dé.

Oṣù mẹ́sàn-án lẹ́yìn òjò dídì ọ̀nà Durban, irú ìjì kan náà tún dúró lórí Eastern Cape. Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, òjò dídì funfun bo àwọn òkè ìpínlẹ̀ náà, àwọn kan sì tún di ẹrù láti lọ wò ó. Ní ìsàlẹ̀ òkè, omi kan náà kò rí òtútù tó lè sọ ọ́ di dídì, ó rọ̀ bí òjò lásán. Nígbà tó di 10 oṣù kẹfà, odò ti ya wọ àwọn ilé ní Mthatha, ó wọ́ mọ́tò tó kó àwọn ọmọ ilé ìwé lọ, àwọn tó kú nínú ìkún omi yẹn sì lé ní 100. Àjọ ojú ọjọ́ ti kìlọ̀ ṣáájú. Nínú ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ti dárúkọ òjò dídì àti òjò ńlá pọ̀, òjò dídì sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù.